Aṣọ Òróró àti Yìnyín Oṣù Karùn-ún

Ní ọdún tí mo ń rántí yìí, ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá Àgbà ló máa ń jí mi láàárọ̀. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù nínú fúláàtì àjà kẹta tí à ń gbé ní Peckham. Bí Màmá Àgbà bá tẹ̀ ẹ́, á kùn fún ìgbà díẹ̀, á dákẹ́, á tún kùn, bí àgbàlagbà tó ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa a máa fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀ nítorí ariwo náà. Màmá Àgbà á wo ilẹ̀, wọn á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, jàre," wọn á sì tún tẹ ẹ̀rọ wọn. Irú aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń rán: sùtánà funfun, fún ìjọ wa àti fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun mìíràn láti Stockwell títí dé Lewisham. Òwú funfun máa ń wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó máa ń wà nínú irun wa, nígbà mìíràn a máa ń bá a nínú ọbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ẹ̀rọ kan tó ń kùn níbikíbi, ọwọ́ mi ṣì máa ń lọ sí orí mi láti wò ó bóyá òwú wà níbẹ̀.

Àwa mẹ́rin là ń gbé inú ilé: Màmá Àgbà, Mummy, Tóbi ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àti èmi. Ẹnìkarùn-ún wa, Daddy, inú fóònù ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́wàá tí wọ́n ti lọ sí Saskatchewan ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí wọ́n ti ríṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ oko ní ìlú kékeré kan. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé bí ìwé wa bá ti pé, gbogbo wa á lọ bá wọn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń gbé fóònù wọn sókè kí a lè rí ibi tí wọ́n wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Kò sí òkè, kò sí igbó, oko nìkan ló wà níbẹ̀, àti ojú ọ̀run tó pọ̀ ju oko lọ. Tóbi a máa ní, "Daddy, ẹ yí fóònù yín padà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Daddy á yí i padà, kò sì ní sí nǹkan kan lápá ọ̀hún náà.

Òfin pọ̀ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni òfin bàtà. Gbogbo ará ìjọ wa ló mọ̀ pé ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé sùtánà wọn sínú báàgì, wọn á wọ bàtà dé ilé ìjọsìn, wọn á sì pààrọ̀ níbẹ̀. Màmá Àgbà kò fara mọ́ èyí. Ní ilé wa, inú yàrá la ti máa ń wọ sùtánà, a ó sì rìn láìwọ bàtà láti ẹnu ọ̀nà, gba orí àtẹ̀gùn, títí dé ibi tí mọ́tò Mummy wà. Bàtà kankan kò gbọdọ̀ wà nínú mọ́tò náà, àfi ti Mummy tó ń wakọ̀, nítorí pé wọ́n máa ń já wa sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ wọn ní Lewisham, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Màmá Àgbà máa ń sọ pé, "Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn." Èmi tún ti fi tèmi kún un nínú ọkàn mi: ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń kí. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tó ń gbé ní àjà kìíní, ti rí mi ní ọjọ́ Ìsinmi kan lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó bi mí níwájú gbogbo kíláàsì bóyá àwọn òbí mi kò lè ra bàtà fún mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tín-ín-rín sábẹ́ sùtánà mi, èyí tí Màmá Àgbà rán gùn débi tó fi ń gbá ilẹ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé ọmọ á dàgbà bá aṣọ. Mo ti ṣe é ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó rí mi.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù karùn-ún, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí ilẹ̀ pálọ̀ nígbà tí Daddy pè. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ gba òróró oyè nínú ìjọ wa tó wà ní ìlú ńlá, ìrìn wákàtí kan àbọ̀ sí ibi tí wọ́n ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá Àgbà fi rán sùtánà tí Daddy máa wọ̀ lọ síwájú pẹpẹ, pẹ̀lú àmùrè aláwọ̀ búlúù rẹ̀. Wọ́n máa ń ka sáàmù kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ojú ìrán kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, aṣọ náà sùn sórí pẹpẹ ìjọ wa ní Peckham fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga láti lọ̀ ọ́, Tóbi gbé fìlà rẹ̀ lé e láìmọ̀. Mi ò ní sọ ohun tó gbọ́ ní ọjọ́ náà.

Màmá Àgbà gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ wọn. Wọ́n bèèrè pé, "Báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ yín?"

Daddy dáhùn pé, "Ó dára gan-an, Màámi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oòrùn ti ń ràn. Àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin nǹkan. Mo ti yọ táyà ìgbà òtútù. Bàbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìkan ló ní kí n má tíì gbé àpótí mi kúrò nínú búùtù. Ó ní oṣù karùn-ún ibí máa ń purọ́ fún èèyàn."

"Àpótí kí ni?"

"Àpótí òtútù. Bàtà gígùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ṣọ́bìrì. Gbogbo èèyàn ló máa ń gbé e kiri."

Ẹ̀rọ dákẹ́. "Bàtà wà nínú mọ́tò tí o fẹ́ fi gbé aṣọ òróró?"

"Búùtù ló wà, Màámi. Aṣọ máa wà ní ìjókòó ẹ̀yìn."

"Ṣé búùtù kì í ṣe ara mọ́tò ni? Gbé e sọ̀kalẹ̀."

"Ìrìn náà jìnnà, Màámi."

"Gbénga."

Daddy ti lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n bí Màmá Àgbà bá pe orúkọ wọn báyẹn, ọjọ́ orí wọn máa ń sún mọ́ tèmi. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, Màámi. Màá gbé e sọ̀kalẹ̀." Mo padà sí ẹ̀wà mi. Mo rántí pé mo rí òkúta kékeré kan nínú rẹ̀, mo sì yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Òjò tútù ló ń rọ̀ ní Peckham ní ọjọ́ kejì. Mo rìn gba inú omi lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ mi, ó sì rin gbingbin kí n tó dé inú mọ́tò. Mo fi gbogbo ìsìn jókòó lé ẹsẹ̀ mi kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Nígbà tí wọ́n ní kí a gbàdúrà fún Daddy, mo gbàdúrà kíkan kíkan, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bí ìbọ̀sẹ̀ náà ṣe tutù tó ní gbogbo àkókò tí mo fi ń sọ "Àmín." Mummy wá gbé wa lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ń lù, ẹ̀wà àti dòdò ti wà nínú àwo, Mummy ṣì wà nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, a kò sì tíì bọ́ sùtánà, nítorí Màmá Àgbà fẹ́ kí a wà nínú aṣọ nígbà tí Daddy bá pè pé àwọn ń wọlé síwájú pẹpẹ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn.

Fóònù dún. Tóbi tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. "Daddy, kí ló ń pariwo báyìí? Ṣé inú ẹ̀rọ ìfọṣọ lẹ wà ni?"

"Afẹ́fẹ́ ni. Fún Màámi ní fóònù." Ohùn wọn ń gbọ̀n. "Màámi, ẹ káàsán o. Ẹ má bínú. Inú kòtò ni mo wà."

Mummy gbé ṣíbí wọn sílẹ̀.

Daddy ṣàlàyé, wọ́n ń dá ọ̀rọ̀ dúró láti mí. Òjò lásán ló ń rọ̀ nígbà tí wọ́n kúrò nílé. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, òjò náà bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn. Ó di yìnyín, kì í ṣe èyí tó gbẹ tó sì fúyẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ní ìgbà òtútù, bí kò ṣe èyí tó rọ̀ tó sì wúwo bí ẹ̀kọ, tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì tí wáípà kò lè gbá a. Wọn kò rí ojú ọ̀nà mọ́. Mọ́tò yọ̀, ó rọra yí po, ó sì kó sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí omi ti kún. Ẹ́ńjìnì kú, hítà sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n jáde láti wo táyà, wọ́n sì rì wọ inú omi yìnyín dé orúnkún, láìwọ bàtà, pẹ̀lú sùtánà ọjọ́ gbogbo lọ́rùn. Wọ́n ti pe àwọn ọlọ́pàá. Àwọn yẹn ní mọ́tò pọ̀ nínú kòtò ní àárọ̀ náà, pé kí wọ́n dúró sínú mọ́tò, kí wọ́n má rìn lọ síbì kan, ó lè tó wákàtí mẹ́ta. Báàtìrì fóònù ti ń lọ sílẹ̀.

Mummy tẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn arúgbó, ohùn iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n sì fi sọ̀rọ̀. "Daddy Tóbi, ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì mọ ìka ẹsẹ̀ yín lára?"

"Mo mọ ti ọ̀tún. Ti òsì ni kò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lóhùn."

"Ẹ nu omi kúrò. Ẹ fi nǹkan gbígbẹ wé e báyìí báyìí, ẹ má fi falẹ̀."

"Kò sí nǹkan gbígbẹ, Ìyá Tóbi. Gbogbo ohun tó wà lára mi ló ti rin. Jákẹ́ẹ̀tì náà ti rin."

"Bùláńkẹ́ẹ̀tì inú àpótí yẹn ńkọ́?"

Èmi tí mo ṣa ẹ̀wà ní àná mọ ibi tí àpótí náà wà. Màmá Àgbà náà mọ̀. Daddy gbé ohùn wọn sókè ju afẹ́fẹ́ lọ. "Aṣọ òróró wà níbí. Ó wà nínú náílọ́ọ̀nù rẹ̀, kò tutù. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe pè yín, Màámi."

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ ohun tí Daddy ń bèèrè. Aṣọ tó sùn sórí pẹpẹ fún ọjọ́ méje, tí fìlà kò gbọdọ̀ kàn, ni wọ́n ń bèèrè bóyá àwọn lè fi wé ẹsẹ̀ tó ti wọ inú ẹrẹ̀. Wọn ì bá ti ṣe é láìbèèrè, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn, àti nínú èyí tí wọ́n ti tọ́ èmi náà, ẹnì kan kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹsẹ̀ wọn ń kú lọ, wọ́n sì ń dúró de ìyá wọn.

Mummy kúnlẹ̀ síwájú Màmá Àgbà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un. Tèmi kò lè wọ̀ ọ́ létí lórí ọ̀rọ̀ yìí."

Ètè Màmá Àgbà ń mì. N kò mọ̀ bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ní tèmi, mo ti mọ ohun tó fà á, n kò sì lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní, "Grandma, èmi ni. Èmi ni mo fà á. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run."

Tóbi ní, "Àánú, dákẹ́, jọ̀ọ́, kì í ṣe àkókò yìí."

Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé etí sùtánà mi sókè. Ìbọ̀sẹ̀ náà ti dúdú nísàlẹ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Mo dúró de ìgbájú. Wọ́n fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì dì í mú bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó tutù. Láti àárọ̀ lo ti wà báyìí?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti bọ́ ọ̀kan, wọ́n bọ́ èkejì, wọ́n fi gèlè orí wọn wé ẹsẹ̀ mi méjèèjì pọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó yíjú sí fóònù.

"Gbénga."

"Màámi."

"Yọ aṣọ náà jáde nínú náílọ́ọ̀nù."

"Màámi, aṣọ òróró ni."

"Ta ló rán an?"

"Ẹ̀yin ni."

"Màá rán òmíràn. Ṣé mo lè rán ẹsẹ̀? Mo ní yọ ọ́ jáde. Nu ẹsẹ̀ òsì ṣáájú. Fi apá aṣọ kan wé e, fi apá kejì wé ọ̀tún, kí o sì fi àmùrè dì í." Wọ́n sún mọ́ fóònù. "Èmi ni mo ní kí o gbé àpótí yẹn sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe Ọlọ́run."

A gbọ́ bí náílọ́ọ̀nù ṣe ń ya ní ilẹ̀ Kánádà. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ orí ba fóònù náà, a ń gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe ń mí nítorí iṣẹ́ kékeré. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Daddy ní, "Ó tó. Ó kù tí mo fi lè bo itan mi."

Màmá Àgbà ní, "Mo rán an ní fífẹ̀. Mo rí i nínú fóònù pé o ti ń sanra níbẹ̀ yẹn." Mummy rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Wọ́n ní kí Daddy pa fóònù wọn, kí wọ́n tọ́jú báàtìrì.

Kò sí ẹni tó jẹ ẹ̀wà. Mummy ń tẹ nọ́ńbà àwọn ará ìjọ wa tó wà ní ìlú ńlá yẹn, àwọn náà kò lè jáde nílé. Màmá Àgbà fa aṣọ funfun jáde lára ìdì rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Wọn kò wọn nǹkan kan. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi! Láyé mi n kò rí i kí wọ́n ránṣọ ní ọjọ́ Ìsinmi rí. Ọkùnrin ìsàlẹ̀ gbá àjà rẹ̀, Màmá Àgbà kò sì kí i. Tóbi tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ lọ jókòó sí ẹsẹ̀ wọn, ó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò nílò ju ọ̀kan lọ.

Nígbà tó kọjá aago mẹ́fà àbọ̀, tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́ lójú fèrèsé, nọ́ńbà kan tí a kò mọ̀ pè wá. Daddy ni. Obìnrin àgbẹ̀ kan tó ń lọ wo àwọn màlúù rẹ̀ ló rí iná mọ́tò wọn, ó sì fi katakata fà wọ́n jáde. Inú ilé ìdáná rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè, ẹsẹ̀ wọn wà nínú báàfù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Nígbà tó rí mi, ó ní ilé ìwòsàn wo ni mo ti sá jáde. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Ó ní, 'Pẹ̀lú báńdéèjì báyìí?' Mo ní màmá mi ló rán an. Ó wo ojú ìrán rẹ̀ títí. Ó ní kí n sọ fún yín pé ọwọ́ yín dára."

Màmá Àgbà ní, "Ìka ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?"

"Ó ti ń ro mí, Màámi. Ó ń ro mí gan-an."

"Ọlọ́run ṣeun. Jẹ́ kó máa ro ọ́." Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìka méjì lẹ́sẹ̀ òsì Daddy kò padà sípò títí di òní. Wọ́n ní ó máa ń dà bí ìka ẹlòmíràn nígbà òtútù. Wọ́n gba òróró lẹ́yìn oṣù kan, nínú sùtánà tuntun, àpótí òtútù sì wà nínú búùtù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ti mú. Wọ́n fi sùtánà ti kòtò ránṣẹ́ padà sí Peckham. Màmá Àgbà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ilà ẹrẹ̀ kan kò kúrò níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa jó o, nítorí pé ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí aṣọ mímọ́ tó bàjẹ́ nìyẹn. Mo ń retí rẹ̀, n kò rí èéfín kankan. Nípa ìbọ̀sẹ̀ mi, wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan, èmi náà kò sì wọ̀ ọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí Mummy ṣí búùtù láti gbé agbòòrùn sínú rẹ̀, a bá àpò funfun kan níbẹ̀, tí wọ́n fi okùn aláwọ̀ búlúù fa ẹnu rẹ̀ pọ̀. Tóbi tú u. Bàtà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: tirẹ̀, tèmi, àti bàtà dúdú tí Màmá Àgbà máa ń wọ̀ lọ rajà. Mo rí ilà ẹrẹ̀ náà ní ìdí àpò. Tóbi la ẹnu, ó wo Màmá Àgbà.

Wọ́n ní, "Kí lò ń wò? Dì í padà kí o wọ mọ́tò."

A ṣì ń rìn láìwọ bàtà láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí mọ́tò wà. Ìwé wa kò tíì pé, Daddy ṣì wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú yẹn, àpò náà sì wà nínú búùtù títí di òní. Ẹsẹ̀ mi ti gùn sí i gan-an láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá tú àpò náà wò, bàtà tó bá mi mu ni mo máa ń bá níbẹ̀, n kò sì tíì rí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀.